Ẹni Tó Ń Gbá Géèmù Nílé Wa

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ka ọ̀rọ̀ mi láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ fara balẹ̀ kí ẹ tó ka èyí. Ohun tí mo ti fi eyín dì mú láti ọdún mọ́kànlélógún ni mo fẹ́ tu sílẹ̀ lónìí, nítorí mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, dókítà sì ti sọ fún mi pé ọkàn mi ń rìn bí ọkọ̀ tí epo rẹ̀ ń tán lọ. Mi ò fẹ́ gbé e sọ́run. Olóòtú ìwé ìròyìn wa ní kí n kọ ojú ewé kan fún àádọ́ta ọdún tí a ti ń tẹ̀wé, kí n ròyìn bí mo ṣe di Ọ̀gá Géèmù. Ìtàn ẹ̀rín ni ó rò pé òun ń béèrè. Èmi náà nìyí, Ọ̀gá Géèmù tí ẹ mọ̀, tó fi ọdún mọ́kànlá sọ fún yín ní gbogbo Sátidé pé géèmù yìí dára, tọ̀hún kò dára, ẹ rà á, ẹ má wulẹ̀ rà á. Mi ò gbá ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn parí rí.

Akọ̀ròyìn bọ́ọ̀lù ni mí tẹ́lẹ̀. Nígbà tó di pé ìwé ìròyìn ni àwọn ọ̀dọ́ fi ń nu gíláàsì fèrèsé, olóòtú ìgbà náà pè mí, ó ní eré ni eré ń jẹ́, kí n máa kọ̀wé nípa géèmù orí telifíṣọ̀n. Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n gbá. Ó bi mí pé bọ́ọ̀lù tí mo ti ń kọ nípa rẹ̀ látọjọ́ yìí, ṣé mo mọ̀ ọ́n gbá ni? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí. Wọ́n gbé ẹ̀rọ tí a fi ń gbá a fún mi pẹ̀lú pádì méjì, ìyẹn ohun tí èèyàn ń fi ọwọ́ méjèèjì dì mú, tó ń tẹ bọ́tìnnì orí rẹ̀. Mo gbé e délé, mo so wáyà mọ́ wáyà, mo jókòó. Ọkùnrin kékeré inú telifíṣọ̀n já sínú kòtò kan náà nígbà méjìlélógún. Bó ṣe fẹ́ já sí i nígbà kẹtàlélógún, mo gbọ́ ohùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé: "Kò sí nǹkan tó ń ṣe kòtò yẹn. Ìwọ lo máa ń fò kí o tó dé etí rẹ̀."

Ìyá ìyàwó mi ni. Ó ti wá ń gbé lọ́dọ̀ wa láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ogójì ọdún ló fi rán aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì àti aṣọ ilé-ìwé ní ilé iṣẹ́ ìránṣọ kan, ọwọ́ rẹ̀ yá ju ẹnu rẹ̀ lọ, ẹnu rẹ̀ kò sì lọ́ra. Ọjọ́ tó dé ilé wa ló ti sọ pé òun kò ní máa pe ọkọ ọmọ òun ní "ẹ̀yin", pé ọmọ lọmọ ń jẹ́. Akọ̀wé ló ń pè mí. Ó gbé aṣọ tó ń ṣẹ́ létí sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ti gíláàsì ojú rẹ̀ sókè, ó ní kí n gbé pádì náà wá. Nígbà tí ìyàwó mi fi máa ti ibi iṣẹ́ dé, ìyá rẹ̀ ti kọjá kòtò, ó ti kọjá odò, ó wà lórí òrùlé ilé kan tó ń jó.

Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Lọ́sàn-án, tí ìyàwó mi bá wà níbi iṣẹ́, Màmá á gbá géèmù, èmi á jókòó sórí àpótí ìtìsẹ̀ pẹ̀lú ìwé àjákọ, mo ń kọ ohun tó bá sọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, obìnrin yẹn mọ nǹkan wò. Eré ogun kan wà tí gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀. Ó gbá a fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ní, "Ilẹ̀ rẹ̀ rẹwà, ìbọn rẹ̀ ń dún bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n mo ti pa ọ̀ọ́dúnrún èèyàn láti àárọ̀, kò sẹ́ni tó béèrè ọmọ ta ni wọ́n." Ní ti eré ìdíje ọkọ̀, ó ní àwọn ọkọ̀ náà ń dán bíi bàtà ìyàwó, àmọ́ wọn kò wúwo, téèyàn bá forí sọ ògiri tó sì jẹ́ pé ògiri ló ń bẹ̀bẹ̀, ẹ̀kọ́ wo ni awakọ̀ fẹ́ kọ́? Ó fẹ́ràn eré oko kan nítorí bí oòrùn ṣe ń wọ̀ níbẹ̀ àti bí adìyẹ ṣe ń tẹ̀lé onílé kiri. Àbùkù rẹ̀, ó ní, ni pé ohun tí a bá gbìn kì í kú. Oko tí kì í ba olóko lẹ́rù, ọgbà ìṣeré ni. Géèmù kan tún wà tó jẹ́ pé títo àpótí sínú yàrá ni gbogbo ohun tí à ń ṣe níbẹ̀, Màmá tó fẹ́ràn títo nǹkan bí ẹ̀mí ara rẹ̀ sì bínú sí i. Ó ní ẹni tó ṣe é kò fọkàn tán wa, pé kí a tó gbé ẹsẹ̀ ló ti ń sọ ibi tí a máa gbé e sí.

Èyí tí ẹ mọ̀ jù ni ti òmìrán. Eré idà kan ni, ó le bí ojú ẹja. Òmìrán inú rẹ̀ pa Màmá nígbà mẹ́rìndínláàádọ́ta, mo kà á. Bó bá ti pa á, á gbé gíláàsì ojú rẹ̀ gún, á ní ẹ̀bi òun ni, á tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tó pa òmìrán náà, ìyàwó mi ti ti ibi iṣẹ́ dé, Màmá sì kígbe pè é láti ilé ìdáná kó wá wo òkú. Nígbà tí ìyàwó mi padà sídìí ọbẹ̀, Màmá yíjú sí mi, ó ní, "Akọ̀wé, kọ ọ́ báyìí: Ó le, ṣùgbọ́n kì í rẹ́ni jẹ." Mo kọ ọ́ báyìí. Mo fi orúkọ mi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Gbólóhùn yẹn ni àwọn èèyàn fi ń kí mi lójú ọ̀nà títí di òní.

Ní gbogbo Sátidé, mo máa ń ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí etí rẹ̀, torí lẹ́tà ìwé ìròyìn ti kéré ju agbára ojú rẹ̀. Ó máa ń mi orí, nígbà mìíràn á ní ọ̀rọ̀ kan kò gún. Lọ́dún kìíní, mo bi í bóyá kí n kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti èmi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí lòun fẹ́ fi orúkọ ṣe nínú ìwé ìròyìn. Mo di ọ̀rọ̀ ẹ̀rín yẹn mú bí ẹni di ìwé àṣẹ mú. Ṣùgbọ́n lọ́dún kẹrin, wọ́n tẹ àwòrán mi gàdàgbà sí ojú ewé iwájú, Màmá gbé e sún mọ́ ojú, ó wò ó pẹ́. Ó wá béèrè jẹ́jẹ́ pé ṣé mo ti sọ fún wọn níbi iṣẹ́ pé ìyá kan wà nílé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ti sọ, gbogbo wọn ló ń kí i. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó dá orin sílẹ̀. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyàwó mi pàápàá rò pé ìyá òun kàn ń fi géèmù ṣeré lẹ́yìn tí mo bá ti ṣiṣẹ́ tán. Ẹ rí i báyìí? Ẹni tó bá fẹ́ jalè lọ́wọ́ aláàánú, kò nílò àkàbà. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀.

Lọ́dún kọkànlá ni ọ̀ràn dé. Ọkùnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ géèmù lórí rédíò ló sọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan pé Ọ̀gá Géèmù ti ń kọ̀wé bí ìyá àgbà ẹnìkan. Ó ní mo ń sọ̀rọ̀ aṣọ, mo ń sọ̀rọ̀ oko àti ìyá ọmọ, ó wá ń ṣiyèméjì bóyá mo tilẹ̀ ń gbá géèmù. Ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe. Àmọ́ olè tó bá gbọ́ "olè" lójú ọ̀nà kì í dúró béèrè ẹni tí wọ́n ń lé. Jìnnìjìnnì bò mí. Mo pinnu pé géèmù tó bá tún dé ọwọ́ mi, èmi fúnra mi ni màá dájọ́ rẹ̀, màá sì kọ ọ́ bí ọkùnrin tó ní eyín lẹ́nu.

Géèmù tó ti wà nílé nígbà náà ni Ilẹ̀kùn Mẹ́tàdínlógún. Obìnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ló ṣe é, òun nìkan, ọdún mẹ́rin ló fi ṣe é, ó sì fi ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú ìwé tó fi ọwọ́ kọ. Ọ̀rọ̀ obìnrin apín-lẹ́tà kan ni, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò dára, tó ń gun òkè alákàbà kan tí ilé tò sí lára lọ́jọ́ tó máa fi iṣẹ́ sílẹ̀, lẹ́tà mẹ́tàdínlógún sì wà nínú àpò rẹ̀. Kò lè sáré. Á kan ilẹ̀kùn, onílé á gba lẹ́tà, á dúpẹ́, á tilẹ̀kùn. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa parí. Ṣùgbọ́n ìbàdí ti ń dun Màmá lásìkò yẹn, ó gbé pádì sílẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn kejì kó lè fọwọ́ ra á. Bó ṣe ń ra á ni ilẹ̀kùn náà tún ṣí. Onílé ti ka lẹ́tà rẹ̀. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an. Géèmù náà kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó dúró. Ẹni tó bá dúró nìkan ló máa gbọ́.

Ọ̀sán méjìlá ni Màmá fi gbá a. Ó parí rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé itan. Ó wá ní, "Akọ̀wé, kọ eléyìí dáadáa. Sọ fún wọn pé mo sunkún nílẹ̀kùn kejìlá. Àbùkù méjì ló ní: lẹ́tà inú rẹ̀ kéré jù fún ojú àgbà, ariwo ilẹ̀kùn kọkànlá sì pọ̀ jù. Àmọ́ ẹni tó ṣe é mọ èèyàn." Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ ní balùwẹ̀. Egungun ìbàdí kán, gíláàsì ojú rẹ̀ fọ́, a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un.

Ibi tó yẹ kí ojú ti tì mí, ibẹ̀ ni mo ti gbójú. Màmá wà lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, ohun tó sọ wà nínú ìwé àjákọ mi, mo kọjá lára rẹ̀. Mo gbá géèmù náà fún ogún ìṣẹ́jú, mi ò dúró níwájú ilẹ̀kùn kankan, mo pa á. Mo jókòó, mo kọ ohun tí mo pè ní "Ìgbín Gbé Lẹ́tà." Mo ní tí èèyàn bá fẹ́ mọ bí ó ṣe ń rí kí a máa gun àkàbà lọ síbi tí kò sí nǹkan, kó ra géèmù yìí. Mo ní ó dà bíi pé ẹni tó ṣe é ti sùn lọ lórí iṣẹ́, tó sì fi wá sílẹ̀ ká máa bá oorun náà lọ. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Kò sí ìwé mi tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọkùnrin rédíò kà á sétí gbogbo ayé, ó ní Ọ̀gá Géèmù ti jí. Ìsọ̀ mẹ́ta tó ti gbà láti máa ta géèmù náà dá a padà fún obìnrin yẹn láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Sátidé pé, Màmá ní kí n ka tiwa fún òun. Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ṣí ìwé ìròyìn bojú, mo tẹ́ ìwé àjákọ sí inú rẹ̀, mo sì ń ka ọ̀rọ̀ tí mo ti kọ sílẹ̀ de etí rẹ̀ nìkan: bí apín-lẹ́tà ṣe ń rìn, ìdí tí ìdúró fi dára, ẹkún ilẹ̀kùn kejìlá. Ìwé náà ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Nọ́ọ̀sì tó ń pààrọ̀ omi lápá kejì yàrá dúró gbọ́. Màmá di ojú, ó ní, "O gbọ́ mi dáadáa." Lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá ọmọbìnrin tó ṣe é ti kọ̀wé. Mo ní kò tíì kọ.

Ọjọ́ Túsìdé ni ìwé obìnrin náà dé ọ́fíìsì. Kò bú mi. Ó kọ ọ́ pé, "Ẹ ṣé tí ẹ wo iṣẹ́ mi. Ìbéèrè kan ni mo ní. Ṣé ẹ dúró níwájú ilẹ̀kùn kankan?" Ó fi orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ sí i, ó parí. Mo tì í bọ àpò, mo gba ilé ìwòsàn lọ. Bí mo ṣe wọlé ni Màmá tún béèrè. Ìgbà yìí ni mo ṣe èyí tó burú jù. Mo fa ìwé náà yọ, mo sì kà á fún un bí ìwé ọpẹ́. Mo ní obìnrin náà ní ayọ̀ òun kún, pé kò sẹ́ni tó tíì lóye iṣẹ́ òun tó bẹ́ẹ̀, pé kí n bá òun kí ìyá tó wà nílé. Màmá na ọwọ́. Ó ní kí n fún òun, òun fẹ́ máa dì í mú. Mo mọ̀ pé kò ní gíláàsì. Mo gbé ìwé tí obìnrin kan fi ọgbẹ́ ọkàn kọ lé e lọ́wọ́, ó sì tì í sábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Màmá kú. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ dì, ó sì gba ibi ọkàn lọ. Láti Túsìdé títí di ọjọ́ náà, ìwà rẹ̀ sí mi kò yí padà. Ó ń béèrè bóyá mo ti jẹun, ó ń fi mí yangàn fún àwọn nọ́ọ̀sì. Nígbà tí a ń kó ẹrù rẹ̀, mo gbé ìrọ̀rí, mi ò bá ìwé kankan níbẹ̀. Mo rò pé wọ́n ti kó o mọ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì lọ sí ibi ìfọṣọ. Inú mi dùn. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ìyàwó mi ń sunkún ìyá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, inú èmi sì dùn pé ìwé kan ti sọnù.

Mo pa ojú ewé mi dé lóṣù yẹn. Ẹ rò pé ọ̀fọ̀ ló jẹ́ kí n dákẹ́, ẹ sì tún yìn mí sí i. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ẹni tó ń ríran fún mi ti lọ. Fún ọdún mẹ́wàá ni mo ń jẹun lórí orúkọ yẹn, wọ́n ń pè mí síbí, wọ́n ń pè mí sọ́hùn-ún. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, olùkọ́ kan pè mí wá bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tó ń kọ́ bí a ṣe ń ṣe géèmù sọ̀rọ̀. Mo wọlé, gbogbo wọn dìde, wọ́n sì pa ohùn pọ̀: "Ó le, ṣùgbọ́n kì í rẹ́ni jẹ." Mo dúró síwájú wọn, mo ń rí Màmá tó ń ti gíláàsì ojú rẹ̀ sókè. Mo ní àyà ń dùn mí, mo sì jáde. Kì í ṣe irọ́ pátápátá.

Ọjọ́ kejì ni mo wá obìnrin tó ń tún fóònù ṣe náà lọ. Ìsọ̀ rẹ̀ wà ní òpin òpópónà kan tó tóóró, tábìlì mẹ́ta, iná kékeré lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn fóònù tí a ti tú sílẹ̀ bí ẹja tí a là. Irun rẹ̀ ti ń funfun níwájú. Mo dúró, mo sọ gbogbo rẹ̀, láti kòtò àkọ́kọ́ dé abẹ́ ìrọ̀rí. Kò dá mi dúró. Nígbà tí mo parí, ó fi irin kékeré ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó fa àpótí tábìlì, ó mú àpò ìwé kan jáde. Ìwé tirẹ̀ tó sọnù wà nínú rẹ̀. Òmíràn wà mọ́ ọn, ọwọ́ nọ́ọ̀sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ohùn ìyá ìyàwó mi ló ń sọ̀rọ̀:

"Ọmọ mi, èmi tí mò ń rán nọ́ọ̀sì kọ ìwé yìí ni mo gbá géèmù rẹ parí. Mo dúró níwájú gbogbo ilẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì ti ka ìwé rẹ àti ìwé ìròyìn náà fún mi bí wọ́n ṣe rí gan-an. Ẹni tó bú ọ nínú ìwé ìròyìn kò gbá a, ọwọ́ rẹ̀ kò gbà á, ẹ̀rù sì ń bà á kí ayé má baà mọ̀. Àna mi ni, ṣùgbọ́n ọmọ ni mo fi ṣe. Lánàá ó purọ́ fún mi, ó sì ń gbọ̀n bó ṣe ń pa á, mo wá ṣe bí ẹni tó gbà á gbọ́ kí ọwọ́ rẹ̀ lè dúró. Ó ṣẹ̀ ọ́. Bó bá wá bá ọ lọ́jọ́ kan, má lé e. Lẹ́tà inú géèmù rẹ kéré jù fún ojú àgbà, ariwo ilẹ̀kùn kọkànlá sì pọ̀ jù. Tún un ṣe."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo wá ibi jókòó sí. Obìnrin náà ní òun bínú fún ọdún méjì gbáko. Ó ti ń múra láti fi fóònù sílẹ̀ kí òun máa ṣe géèmù nìkan, ọ̀rọ̀ mi ló dá a padà sídìí tábìlì yìí. Ó ní lẹ́yìn ọdún méjì òun tún ìwé ìyá náà kà, òun sì sọ lẹ́tà náà di ńlá, òun dín ariwo náà kù, àwọn èèyàn díẹ̀ sì ń gbá a. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Ó na ọwọ́ pé kí n dúró ná. Ó ní, "Mi ò tíì lè sọ pé mo ti forí jì yín, sà. Ẹ lọ gbá a parí. Kí ẹ wá sọ àbùkù rẹ̀ fún mi."

Mo sọ fún ìyàwó mi lọ́jọ́ náà. Odindi ọjọ́ kan ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kejì ó béèrè àwọn ìwé àjákọ tí mo kọ ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ sí, mọ́kànlá ni wọ́n, ó kó gbogbo wọn sí orí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń kà wọ́n, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú. Ó ní ìyá òun ní sùúrù ju òun lọ, kí n má retí irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tan telifíṣọ̀n, ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi. Oṣù mẹ́ta rèé, mo wà nílẹ̀kùn kẹfà. Ìyàwó mi ní ọwọ́ mi dà bí ẹsẹ̀. Tí onílé bá ti tilẹ̀kùn, tí àtàǹpàkò mi ń yún mi láti tẹ nǹkan, ó máa ń fọwọ́ kàn mí ní èjìká, a ó sì jọ dúró.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń dájọ́ iṣẹ́ ọlọ́mọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo fi ara mi ṣe àpẹẹrẹ fún yín. Ẹ gbá a kí ẹ tó bú u. Bí ó bá burú, ẹ sọ pé ó burú, ẹ sọ ibi tó ti burú, kí ẹni tó ṣe é lè rí ibi tún ṣe. Bí ẹlòmíràn bá sì là yín lójú, ẹ dárúkọ rẹ̀ nígbà tí etí rẹ̀ ṣì lè gbọ́. Mo bẹ ìyàwó mi, mo bẹ obìnrin ìsọ̀ fóònù, mo bẹ gbogbo ẹ̀yin tí ẹ fọkàn tán mi. Àwọn gbólóhùn tí ẹ fẹ́ràn, tí ẹ kọ́ sórí, ti ìyá ìyàwó mi ni gbogbo wọn. Èyí tí ẹ fi rẹ́rìn-ín sí obìnrin yẹn nìkan ni tèmi. Ẹ forí jì mí.